Jẹjẹrẹ Eegun Tí Ń Tẹ̀lé Ìtọ́jú Onítànṣán

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Grand-Bassam jáde kúrò ní Abidjan, tí ó sì ti kọjá pápá ọkọ̀ òfurufú ti Port-Bouët, yóò bá ara rẹ̀ ní Gonzagueville, létí òkun. Láti ibẹ̀ dé Cocody, ní òdì-kejì ọ̀sà Ébrié, kò gbà ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, kí ó tó di ọdún 2018, aláìsàn jẹjẹrẹ tí ó nílò ìtọ́jú onítànṣán ní láti fi Côte d'Ivoire sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn kí ó tó rí i gbà. Ọdún náà ni ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ irú rẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Alassane Ouattara pè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cocody. Àǹfààní náà kan àwọn ará wa pẹ̀lú, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò tí ó pọ̀ ní Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí oògùn tuntun bá wọ ìlú, ìbéèrè tuntun a máa bá a wọlé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn fún yín níhìn-ín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Kútọnu, Lomé, Èkó àti Abidjan wá, ni èyí: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ lè bí jẹjẹrẹ mìíràn sínú eegun lẹ́yìn ọdún púpọ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìdajì òótọ́ yìí lè sá fún ìtọ́jú tí ìbá gba ẹ̀mí rẹ̀ là, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a sọ ọ́ dé òpin.

Kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ ọmú, àti ti prostate àwọn ọkùnrin, a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ dó sínú eegun. Èyí wọ́pọ̀, ìtànṣán kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Jẹjẹrẹ àtijọ́ náà ni ó kó lọ sí ilé mìíràn. Èyí tí à ń sọ yàtọ̀. Jẹjẹrẹ tuntun ni, tí eegun fúnra rẹ̀ bí, ní ibi tí ìtànṣán ti gbà kọjá rí.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di ara wa, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a kọ gbogbo àṣẹ ara sí. Ìtànṣán a máa já okùn yìí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sábà mọ bí a ti í so tirẹ̀ padà, nítorí náà ó kú. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá a máa so tirẹ̀, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó so ó lódì. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ọdún 5, 10, tàbí 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bí sí i láìgbọ́ràn sí àṣẹ kankan. Eegun ọmọdé ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ó ṣì ń dàgbà.

Ìwọ̀n ìtànṣán tí eegun gbà ṣe pàtàkì. Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Margaret Tucker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 1987 lórí àwọn tí a ti tọ́jú jẹjẹrẹ wọn ní ìgbà èwe. Wọ́n rí i pé bí ìwọ̀n náà ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀, títí tí ó fi di ìlọ́po 40 fún eegun tí ó gbà ju 60 Gray lọ. Kí iye yìí má ṣe dẹ́rù bà yín: ìlọ́po 40 ohun tí ó kéré gidigidi ni. Nínú 100 ènìyàn tí ó gba ìtọ́jú onítànṣán, kò tó ẹnì 1 tí irú jẹjẹrẹ yìí ń mú.

Ọ̀nà tí a gbà mọ ewu yìí kò dùn ún gbọ́. Marie àti Pierre Curie ṣàwárí radium ní 1898. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú Orange, ní New Jersey, ń fi ọ̀dà tí a po mọ́ radium kun ojú aago kí ó lè máa tàn lóru, ètè wọn ni wọ́n sì fi ń mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣe ṣóńṣó. Radium jọ kalisíọ́mù lójú ara. Eegun gbà á wọlé bí ìgbà tí ènìyàn gba àlejò tí ó wọ aṣọ ará ilé. Ní 1929, Dókítà Harrison Martland kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ eegun láàrin wọn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, a gún ọmọdé àti àgbà ní abẹ́rẹ́ irú radium kan nítorí ikọ́ ife tí ó wọ eegun àti nítorí àwọn àrùn eegun mìíràn. Nínú nǹkan bí 900 tí a ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ju 50 tí jẹjẹrẹ eegun mú.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé ìtànṣán ni ó fà á? Ní 1948, William Cahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣe àyẹ̀wò aláìsàn 11, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ tí a ṣì ń tẹ̀lé lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti tún un ṣe díẹ̀. Jẹjẹrẹ tuntun náà gbọ́dọ̀ wà ní ojú ibi tí ìtànṣán gbà kọjá. Ọdún púpọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà láàrin. A gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí a sì rí i pé irú rẹ̀ yàtọ̀ sí àìsàn àkọ́kọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò lè dáhùn méjì àkọ́kọ́ nínú wọn bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ibi tí a tan ìtànṣán sí àti ọdún tí a tàn án.

Àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú ní ẹyinjú ni ó fi ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ọmọlójú wọn a máa funfun bí iná bá tàn sí i, ìyá ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ní 1971, Alfred Knudson ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà kan tí mo lè fi wé ìlẹ̀kùn tí ó ní ọ̀pá ìdábùú méjì. Kí àrùn tó wọlé, méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n a bí ọmọ mìíràn pẹ̀lú ọ̀kan tí ó ti ṣẹ́ nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Bí a bá tan ìtànṣán sí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ewu jẹjẹrẹ nínú eegun ojú pọ̀ fún un nígbà tí ó bá dàgbà. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ eegun a máa mú irú wọn ní itan pẹ̀lú, níbi tí ìtànṣán kò dé rí. A kò lè kó gbogbo ẹ̀bi lé ìtànṣán lórí. Láti bí ọdún 1990 ni àwọn dókítà ti ń fi oògùn àti ọgbọ́n mìíràn rọ́pò ìtànṣán fún àwọn ọmọ wọ̀nyí níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí yóò dúró níwájú kíláàsì, yálà ní Gonzagueville tàbí níbòmíràn. Ọmọ tí a ti wò sàn yóò padà sí ilé ìwé. Bí ó bá sọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé eegun ń ro òun lóru, tí ibẹ̀ sì ń wú láìjẹ́ pé ó ṣubú, ohun tí ilé yóò kọ́kọ́ rò ni pé ó rọ́ lẹ́sẹ̀ níbi eré bọ́ọ̀lù. Wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun, òun yóò sì fi òrí wọ́ ọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn oníṣègùn wọ̀nyí nípa eegun tí ó dá. Ṣùgbọ́n wíwọ́ kò wúlò fún kókó jẹjẹrẹ. Ó lè pa á lára, oṣù tí a fi ń wọ́ ọ sì ni jẹjẹrẹ fi ń rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwòrán X-ray ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà.

Bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ní tòótọ́, iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí a ń fà sínú iṣan. Ó ṣòro láti tún tan ìtànṣán sí ibẹ̀, nítorí ẹran ara àyíká rẹ̀ ti gba èyí tí ó lè gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè ìwé ìtọ́jú àkọ́kọ́, èyí tí a kọ iye Gray sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ojú ibi tí a tàn án sí. Lẹ́yìn ogún ọdún, ilé ìwòsàn lè ti sọ tirẹ̀ nù, ìdílé náà sì lè ti kó láti Abidjan padà sí Èjìgbò. Ẹ̀dà tí ìyá ọmọ náà dì sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀ ni dókítà yóò rí kà.