Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Fún Àwọn Obìnrin Èbúté Lokoja

Ẹ̀yin tó ń tajà ní Kpata, ẹ̀yin tó ń wọkọ̀ ojú omi láti Shintaku wá gba ìtọ́jú, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ojú iṣẹ́ abẹ lè ti jiná kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má tíì wálẹ̀.

Họ́mónù wà lára ohun tó ń fà á. Estrogen àti progesterone ni họ́mónù tó ń darí nǹkan oṣù àti oyún. Ilé ẹyin ló ń pèsè wọn. Tí oyún bá ti dúró dáadáa, ibi ọmọ a gba iṣẹ́ náà. Họ́mónù méjèèjì máa ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀.

Tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, ibi ọmọ jáde, họ́mónù náà sì já wálẹ̀ kíákíá. Omi tó ti kó sára aláboyún tún ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù, ìyẹn ìgbà tí ìyá ọmọ ti délé, tí ẹbí ń múra ìkómọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò kí ọjọ́ kẹjọ tó pé.

Ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí ìju, kó bi dókítà bóyá wọ́n yọ ilé ẹyin mọ́ ọn. Tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin méjèèjì kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ooru á máa mú un, oorun á dá lójú rẹ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Àìtó estrogen ni. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn lè tètè bá a. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Kì í ṣe họ́mónù nìkan o. Ìrora, oògùn ìfúnpá tí a dá dúró, àti diclofenac tí a ń rà fúnra wa lè gbé ìfúnpá sókè. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen náà lè gbé e sókè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìbi nọ́ọ̀sì.

Tí ìfúnpá bá tó 140/90, ẹ padà wá rí dókítà. Tó bá tó 160/110, tàbí tí orí ń fọ́ tí kò dá, tí ojú ń ṣú, tàbí tí gìrì mú ìyá ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Ìjọba Àpapọ̀, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní FMC. Ẹ má dúró de ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la.