Battle City: Géèmù Táńkì Tí Ọta Ẹni Fi Lè Tú Ilé Ẹni

 Ọ̀rọ̀ ìtàn, èdè àti àṣà lẹ mọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lónìí, géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fà á ni pé nígbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, mo wà nílé wa ní Igbotako, nílẹ̀ Òṣòòrò. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì, tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, tí àwọn náà ti di bàbá ọmọ, so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ tẹlifísọ̀n ní pálọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń pariwo mọ́ra wọn: "Dúró nílé! Má lọ sókè! Wo ẹyẹ, wo ẹyẹ!" Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó wá kí mi láti Òkìtìpupa wò wọ́n títí, ó ní, "Prof, ẹ dákun, kí ló wà nínú géèmù àtijọ́ yìí tí àgbàlagbà ò fi lè fi í sílẹ̀?" Mo ní màá kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Òun nìyí, ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé.

Kó tó di Battle City

Géèmù táńkì ogun ti wà ṣáájú èyí. Ní ọdún 1974, ilé-iṣẹ́ Kee Games ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde tó ń jẹ́ Tank. (Atari ló ni Kee Games lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn díje.) Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbé sí ibi ìgbafẹ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ gbá a á sọ owó ẹyọ sí i. Ẹni méjì ló ń gbá a, táńkì kan kojú táńkì kejì. Ní 1977, Atari gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé. Combat lorúkọ rẹ̀, inú páálí ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí Atari 2600 ni wọ́n fi í sí, kí ẹni tó bá ra ẹ̀rọ lè rí nǹkan gbá lọ́jọ́ tó bá gbé e délé.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn géèmù wọ̀nyí ṣe rí, ẹ rántí ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì jókòó, wọ́n kọjú síra wọn. Èyí tí ọ̀kan bá jẹ, ọwọ́ ẹnì kejì ló ti bọ́. Bí ọ̀ta bá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pẹ ń wolẹ̀. Bákan náà ni Tank àti Combat: kí n pa ọ́, tàbí kí o pa mí.

Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Namco ní Japan, àwọn kan náà tó gbé Pac-Man jáde lọ́dún yẹn, ṣe Tank Battalion, wọ́n sì gba ọ̀nà míì. Ibùdó kan wà nísàlẹ̀ ojú tẹlifísọ̀n, àmì ẹyẹ idì wà níbẹ̀, bíríkì yí i ká. Ogún táńkì ọ̀tá á máa ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o pa wọ́n tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Ìyẹn ni pé kì í ṣe pípa ọ̀tá nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́, ilé wà tí o ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo wà lójú ogun. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnì kan á gbá, ẹnì kejì á káwọ́ gbera títí yóò fi kàn án.

Ohun tí apá kejì ṣe

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 ni Namco gbé àtẹ̀lé Tank Battalion jáde, òun ni Battle City. Famicom ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ẹ̀rọ inú ilé tí Nintendo ti ń tà ní Japan láti 1983, tó ní pádì méjì. Ìpele 35 ló ní. Oríṣi táńkì ọ̀tá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó lágbára jù nínú wọn ń gba ọta mẹ́rin kó tó kú. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà: bíríkì wà tí ọta lè fọ́, irin wà tí kò ṣe é fọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi wà tí táńkì ò lè kọjá, igbó wà tí táńkì lè fara pamọ́ sí, yìnyín wà tó ń yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀bùn náà máa ń jáde. Ìràwọ̀ ń mú kí ìbọn rẹ le sí i. Akoto ń dáàbò bò ọ́. Aago ń mú kí ọ̀tá dúró gbagidi. Ṣọ́bìrì ń sọ bíríkì tó yí ẹyẹ ká di irin fún ìgbà díẹ̀. Àyè sì wà fún ọ láti fúnra rẹ to bíríkì àti omi bó ṣe wù ọ́, kí o sì gbá géèmù lórí ilẹ̀ tí o tò. Gbogbo èyí, kìlóbáìtì 24 péré ni. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp máa ń jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹni méjì lè wọ ojú ogun lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ wà ní ìhà kan. Wọn ò kọjú síra wọn bí ọlọ́pọ́n ayò mọ́. Àwọn méjèèjì ló kọjú sí tẹlifísọ̀n, ẹyẹ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣọ́.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ti mú kó rọrùn. Rárá o. Ẹni tó ṣe géèmù yìí gbọ́n. Ó fi òfin mẹ́ta sínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ò kọ́kọ́ ń kíyè sí.

Èkíní, bí ọta rẹ bá ba ẹnì kejì rẹ, kò ní kú, ṣùgbọ́n yóò dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò ní lè rìn. Ọ̀tá tó bá bá a níbẹ̀ ti rí ẹran jẹ.

Èkejì, bí ìpele kan bá parí, wọ́n á to iye táńkì tí kálukú pa sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tó bá pa jù á gba 1000 máàkì lé e. Ẹ gbọ́ mi yé o. Ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ wọ́n ń ka ti kálukú lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi máa ń sá lọ sókè lọ pàdé ọ̀tá, kí wọ́n lè pa púpọ̀, tí kò ní sí ẹnì kankan nílé.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ọta tìrẹ lè pa ẹyẹ. Bí ọ̀tá bá wà ní tòsí ilé, tí o sì ń yìnbọn láìwojú, bíríkì tí o fi ń dáàbò bo ara rẹ ni wàá máa fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ọta kan bá ráyè kọjá níbẹ̀, ó parí. Ì báà jẹ́ pé ẹ̀mí mẹ́ta ṣì kù fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹyẹ ti kú, géèmù ti tán. Ọta àti ọ̀tá: nínú èdè wa, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú Battle City, ìgbà míì wà tí ohùn ò yà wọ́n.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Wọn ò tà á fún Famicom ti àwọn Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ Famicom ní Éṣíà ló gbé e káàkiri ayé. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi géèmù sínú káséètì kan, wọ́n kọ "9999 in 1" sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá kà á, ìwọ̀nba géèmù díẹ̀ náà ni wọ́n ń tún orúkọ wọn pè. Àwọn kan tún un ṣe, wọ́n pè é ní Tank 1990. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mo rà ní ọjà Alaba ní Èkó ní ọdún 1993, mo gbé e lọ sílé fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, èkejì jẹ́ mẹ́wàá.

Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló jẹ́ kí n rà á. Èmi àti bàbá wọn ò bára wa sọ̀rọ̀ lákòókò yẹn. Oko ọ̀pẹ bàbá wa ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka owó tó ná sí ìroko. Èmi ń ka owó tí mo ń fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́. Ó ní òun lòun wà nílé, mo ní èmi ni mò ń sanwó. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣì mọ̀ mí ní bàbá wọn.

Ìyá wa, Ìye bí àwa Ìkálẹ̀ ti ń pe ìyá, ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ìró géèmù náà rárá. Ó nídìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba ìlú Bìní, wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀nà Èkó. Orè ni wọ́n dé kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Orè kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ ní Òkìtìpupa, ibẹ̀ ló ti ń yà. Ìjà yẹn ni àwọn ènìyàn fi ń pa á lówe títí di òní pé "Ó le kú, ìjà Orè." Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti di ẹrù wa sínú agbọ̀n, ó ní bí a bá gbọ́ ìró ìbọn, ọ̀nà oko ni ká gbà.

Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ ìró táńkì ní pálọ̀ rẹ̀, ó jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi àwọn ọmọ pé, "Ta lẹ ń bá jà?"

"Ọ̀tá ni, Màmá."

"Níbo ni ọ̀tá ọ̀hún ti ń bọ̀?"

"Òkè ni wọ́n ti ń bọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn." Ó fa àga, ó jókòó. Kò pẹ́, ẹyẹ fọ́. Ó ní, "Ọ̀tá ti wọlé?" Àbúrò ní, "Rárá o, Màmá, bùọ̀dá mi ló pa á! Wọ́n fẹ́ pa púpọ̀ jù mí lọ!" Àwọn méjèèjì fẹ́ẹ̀ jà. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ó yí ojú, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo ìta, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí lábẹ́ igi. Ó ní, "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani." Ó dìde, ó wọlé lọ.

Mi ò ní sọ fún yín pé géèmù ló parí ìjà wa. Ìpàdé ẹbí ló parí rẹ̀, ó sì gbà wá tó ọdún méjì. Nígbà tí a máa fi parí ẹ̀, ẹlòmíì ti gbin koko sí apá kan oko náà, lẹ́bàá odò. Kò fipá gbà á. Ó bá ibẹ̀ lófìfo ni, torí ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí kí n san owó ìroko, èmi náà ń dúró dè é kó ṣírò fún mi. A ò gba apá yẹn padà mọ́. Àwa la fọwọ́ ara wa fọ́ bíríkì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, a jọ ń ṣọ́ ọ: ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi á kó èso rẹ̀, ọdún kejì, èmi á kó o, ẹni tí kò bá kàn ló ń sanwó ìroko. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè

Ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi, èsì rẹ nìyí. Apá kejì tó dára kì í ṣe èyí tó kàn fi ìbọn àti ariwo kún ti àkọ́kọ́. Battle City mú ilé tí Tank Battalion ní ká ṣọ́, ó fi ẹnì kejì sí i, ó wá jẹ́ ká rí i pé níbi tí ẹni méjì bá ti jọ ń ṣọ́ ilé kan, iye tí kálukú pa kọ́ ló ń gbé ilé ró. Àwọn tó gbọ́n nínú rẹ̀ máa ń pín iṣẹ́: ẹnì kan á lọ sókè, ẹnì kan á dúró ti ẹyẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó dúró ò ní rí 1000 máàkì gbà. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìdílé, láti Ìlútitun dé Ìjù-Òkè, tí kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ dúró.

Ẹ ò rí i pé nígbà Kérésìmesì, "Dúró nílé" ni wọ́n ń pariwo? Ẹ̀gbọ́n ló dúró. Àbúrò ló gba máàkì. Wọ́n dé ìpele 22 kí epo jẹnẹrétọ̀ tó tán.