Páílọ́ọ̀tì Ogun: Ta Ló Ń Ka Ohun Tó Wà Nílẹ̀?

Ará Ṣógúnlé kì í gbójú sókè wo bàálù mọ́. Èyí tó ń ké lórí òrùlé wọn tọ̀sán-tòru, ti èrò àti ti ẹrù ni, pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ló ń bà sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọgbà Éáfọ́ọ̀sì, ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà, múlé tì wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò náà ló dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ búlúù jáde ní géètì, bàálù ogun ló ń wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláṣọ búlúù náà kò wa bàálù rí láyé wọn. Ìkẹjà ni olú ẹ̀ka tó ń bójú tó ìpèsè àti àtúnṣe fún gbogbo ilé-iṣẹ́ náà wà: táyà, ẹ́ńjìnnì, páàtì, epo, àti ìwé tí a fi ń tọrọ wọn. Makurdi àti Kainji ni bàálù ogun fúnra rẹ̀ ń gbé, Kaduna sì ni ẹ̀kọ́ bàálù fífò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Oṣù Kẹrin 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ kọ́ṣẹ́ ní Ethiopia, Kánádà àti Jámánì. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1967, kò ní bàálù ajagun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn, wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ sílé. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọ̀, kò ta bàálù fún ìjọba Àpapọ̀; Moscow tà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni MiG-17 àti L-29 bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kánò. Àwọn ará Íjíbítì fò ó, àwọn òyìnbó tó ń fi ogun jíjà jẹun fò ó, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń wọ ìjókòó náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn ará Yúróòpù ti ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn páílọ́ọ̀tì ogun: ẹni tó bá já bàálù ọ̀tá márùn-ún lulẹ̀ ti di ògbóǹtarìgì, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọn á ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí dé Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó kúnjú rẹ̀. Ọ̀tá ò sí lókè. Bàálù B-26 ògbólógbòó bíi mélòó kan ni Biafra, ìlà-oòrùn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, ní, àti èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ akérò tí wọ́n sọ di ajubọ́ǹbù. MiG-17 tí àwọn Rọ́ṣíà fi ìbọn mẹ́ta sí nímú, ọ̀kan 37 mm, méjì 23 mm, kí ó lè fọ́ bàálù ajubọ́ǹbù ńlá lójú òfurufú, ojú títì, afárá àti ìlú ló wá ń yìnbọn sí. Ó ní agbára láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀jà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ò wá.

Nítorí náà, ohun tó wà nílẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé. Ìjọba Àpapọ̀ ní ibi tó jẹ́ ti ológun nìkan ni àwọn ń ju bọ́ǹbù sí. Àwọn oníròyìn òkèèrè tó wà ní ìhà kejì kọ̀wé nípa ọjà àti ilé ìwòsàn. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà ológun tó ti fẹ̀yìn tì ń sọ pé àṣìṣe ni, pé ogun ò lójú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tiẹ̀ ṣírò ó: bàálù tó ń sáré kìlómítà 700 ní wákàtí kan, nǹkan bí mítà 190 ló ń là kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọjà àárín ìlú kékeré kan, kí ẹ tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti wà lẹ́yìn. Ẹni tó yan ibi tí bọ́ǹbù máa já sí kò sì sí nínú bàálù. Ó wà lẹ́nu tábìlì, ó mú ìwé àwòrán ilẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n “àṣìṣe” tó ń wáyé lọ́jọ́ ọjà, tó tún wáyé lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ó yẹ kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ wo ìwé tí páílọ́ọ̀tì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ́gì-búùkù. Ọjọ́ wà níbẹ̀, irú bàálù, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹni tó wà á, wákàtí ọ̀sán, wákàtí òru. Ìlà àlàyé tó kù lápá ọ̀tún kò fẹ̀ ju kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i. Inú ìwé yìí ni ìgbéga rẹ̀ ti ń jáde. Kò sí ìlà fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Uli ló wá gbé mi lọ́kàn jù. Ojú títì ni Uli, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí bàálù lè bà, láti àárín 1968 ni oúnjẹ, oògùn àti ohun ìjà sì ń gba ibẹ̀ wọ Biafra lóru. Láti São Tomé ni wọ́n ń bọ̀, láti Fernando Po, nígbà tó yá láti Kutonu níhìn-ín pàápàá. Iná ojú ọ̀nà náà kì í tàn pẹ́: bàálù á ké sí wọn lórí rédíò, wọ́n á tan iná, bí táyà bá ti kan ilẹ̀, òkùnkùn tún dé. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tí ìjọba Àpapọ̀ háyà, tó ń da bọ́ǹbù síbẹ̀ láti inú bàálù akẹ́rù, a máa dá sí ọ̀rọ̀ wọn lórí rédíò láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Genocide ló ń pe ara rẹ̀. Síbẹ̀, Uli kò tì títí ogun fi parí ní oṣù Kìíní 1970.

Kí ló dé? Àwọn kan ní àwọn ajagun-gbowó náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ju bọ́ǹbù wọn sínú igbó ni, torí bí Uli bá tì, ogun á parí, bí ogun bá parí, owó oṣù á dúró. Àwọn mìíràn ní àròsọ nìyẹn: MiG-17 tó wà lọ́wọ́ wọn ò ní ohun tí yóò fi ríran lóru, bí bọ́ǹbù bá sì gbẹ́ kòtò sójú títì, àwọn ará ibẹ̀ á dí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Lójú tèmi, òkùnkùn nìkan tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbowó lórí ogun kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí wọ́n bá ń fura sí i.

Ìjà òkè kan ṣoṣo tí gbogbo ayé wá mọ̀ nínú ogun náà ni ti 5 Oṣù Kẹfà 1969. MiG-17 ìjọba Àpapọ̀ já bàálù DC-7 lulẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ kú. Bàálù oúnjẹ ni, ti Àjọ Alágbèélébùú Pupa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ náà dá ìrìnàjò òru wọn dúró. Ta ló wà nínú MiG yẹn? Títí di òní, orúkọ tí ìwé kan bá kọ sílẹ̀ ni ìwé mìíràn ń kọ̀. Níbi tí òṣùwọ̀n òyìnbó ì bá ti kà á sí ẹyọ kan nínú márùn-ún, èmi ò mọ ẹni tó jáde wá gbà á.

Ìhà kejì náà ní tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọlọ́lá ará Sweden tó ti gbé oúnjẹ wọ Biafra tẹ́lẹ̀, kó bàálù MFI-9B márùn-ún wá. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n ń fò bí ẹni máa fi ikùn kan igi, wọ́n kọlu Port Harcourt, Benin àti Enugu. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti bá bàálù ọ̀tá. Akọni ni von Rosen ní Biafra, ọ̀daràn ni ní Èkó.

Èyí tó ń pa páílọ́ọ̀tì gan-an kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, ọ̀gá àgbà Éáfọ́ọ̀sì lásìkò ogun náà, inú L-29 ló kú sí ní Uzebba ní oṣù Kẹwàá 1969, òun nìkan ló wà nínú bàálù náà.

Lẹ́yìn ogun, ilé ìkẹ́rùsí ló ń pinnu ẹni tí yóò fò. MiG-21 dé ní 1975. Ní 1984 ni Jaguar tó jẹ́ 18 bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun àmúyangàn gidi. Nígbà tó fi di 1991 wọ́n ti gbé gbogbo rẹ̀ jókòó nítorí owó. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ páílọ́ọ̀tì ajagun, tí wọ́n ń gbowó oṣù páílọ́ọ̀tì ajagun, tí bàálù wọn ò sì kúrò nínú háńgà. Alpha Jet ló rí iṣẹ́ ṣe ní Liberia àti Sierra Leone ní àwọn ọdún 1990. Ilẹ̀ náà ni wọ́n tún ń yìnbọn sí.

Super Tucano 12 tó dé ní 2021, abẹ̀bẹ̀ ló ń yí níwájú rẹ̀, ìyẹn ti tó láti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé ọtí: ṣé páílọ́ọ̀tì ajagun ni ẹni tó ń wà á? Èmi ò rí ìyàtọ̀. Iṣẹ́ tí à ń rán wọn láti 1967 náà ni bàálù yìí wà fún, ó tilẹ̀ ń rọra fò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè wo ilẹ̀ dáadáa. Títà rẹ̀ falẹ̀ ní Washington nítorí ìbéèrè ẹni tó wà nísàlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tà á, ẹ̀kọ́ nípa dídáàbò bo ará ìlú wà nínú àdéhùn.

Ìfẹ̀yìntì wá ni àwàdà tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá bọ́ aṣọ, pápákọ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń wo. Àwọn ilé-iṣẹ́ akérò kò béèrè ogun tí ẹnikẹ́ni jà. Wákàtí ni wọ́n ń béèrè, pàápàá lórí bàálù ńlá. Ìrìn ajagun kì í sábà ju wákàtí kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó ń fi bàálù akẹ́rù C-130 kó sójà àti àpò ìrẹsì káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fò ju páílọ́ọ̀tì ajagun lọ ní ìlọ́po, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.