Ta Ni Ń Sanwó Ẹ̀kọ́ Ọmọ SS1?

Bí ẹ bá bi òbí léèrè pé ta ló ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, èsì tí ẹ óò gbọ́ ni pé ìjọba ni. Ìjọba wo? Kíláàsì wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yapa, ibẹ̀ náà sì ni ìrẹ́jẹ tí mo fẹ́ sọ wà. Kẹ́mísírì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí àwọn ará ìlú fi owó oko dá sílẹ̀ ní Ìbàràpá kí ìjọba tó gbà á. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Inú ọgbà kan náà ni JSS àti SS wà níbẹ̀, géètì kan ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Lápá ọ̀tún ni àwọn kíláàsì JSS tí owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kọ́. Páànù orí wọn pé, àga àti tábìlì wọn le dáadáa, ìwé tí ìjọba fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà nínú báàgì wọn. Lápá òsì ni ti SS, ilé tí àwọn bàbá wa kọ́. Bí òjò bá ṣú, a máa ń kó ọmọ kíláàsì méjì pọ̀ síbi tí kò jò. Ọmọ tó jókòó pẹ̀sẹ̀ ní JSS3 lóṣù keje, bó bá wọ SS1 lóṣù kẹsàn-án, ó di kó ru àga wá láti ilé. Ọmọ náà kò yí padà, òbí rẹ̀ kò sì yí padà.

Kì í ṣe pé ẹnì kan kórìíra ọmọ SS. Bí òfin ṣe là á sílẹ̀ ni. Lọ́dún 2004, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé JSS3. Àjọ UBEC ló ń pín in, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ lé e. (Àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í mú owó yìí wá, tiwọn a sì wà níbẹ̀ láìgbà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.) Bí ọmọ bá ti parí JSS3, owó náà kò bá a lọ mọ́.

Ẹ wá wo òkè. Ní 1993, ìjọba ológun gbé owó orí ẹ̀kọ́ lé èrè àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n sì dá àpò kan sílẹ̀ fún un. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti yunifásítì ló jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Ní 2011, wọ́n yí òfin náà padà, àpò yẹn di TETFund, ó sì di ti yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nìkan. Lára àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé owó náà ń fọ́n ká jù, àti pé UBEC ti wà fún àwọn ọmọ ìsàlẹ̀. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, àfi ohun kan: kò sí ẹni tó rántí SS1 sí SS3. Ó dà bí ìyá tó bí ọmọ mẹ́ta, tó bu oúnjẹ fún àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn, tó sì fo ti àárín. Ọmọ àárín yìí gan-an ni yóò jókòó ṣe WAEC, ìdánwò tí gbogbo ìlú fi ń mọ̀ bóyá ọmọ kàwé tàbí kò kàwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú iṣẹ́ tèmi. WAEC nínú Kẹ́mísírì ní apá kan tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Yóò da ásíìdì sínú bùrẹ́ẹ̀tì, yóò máa jẹ́ kó kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó ti ẹnu rẹ̀, nígbà tí àwọ̀ bá yí. Ẹ̀kán kan péré lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹnu kọ́ni ní èyí. Bùrẹ́ẹ̀tì tó ṣeé lò lẹ́ẹ̀bù wa kò tó nǹkan rárá, nítorí náà èmi ni mo máa ń dúró níwájú ṣe é, tí àwọn ọmọ á máa na ọrùn wò láti ẹ̀yìn. Ásíìdì tí a ń lò, owó PTA ni. Bàbá tó ń gun ọ̀kadà, ìyá tó ń yan gààrí, àwọn ló ń ra ásíìdì tí ìjọba kò rà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan nígbà náà. Nígbà tó dé fún ìsinmi, mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Ó ní, "Àǹtí mi, ọmọ méjì méjì ló ń lo bùrẹ́ẹ̀tì kan." Inú mi dùn fún un. Inú mi sì bàjẹ́ fún àwọn tèmi, nítorí ìwé ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn yóò kọ, lọ́jọ́ kan náà.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ni mo ń bá jà. King's College ti wà láti 1909, Queen's College láti 1927. Ní 1966 ni wọ́n dá mẹ́ta sílẹ̀, ní Ṣókótó, Warri àti Okposi, kí ọmọ Yorùbá, Haúsá àti Íbò lè jọ gbé yàrá kan. Ohun rere ni. Lónìí wọ́n ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú ìsúná Abúja ni owó wọn ti ń wá, ọmọ tó bá sì yege nínú ìdánwò àṣewọlé ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí Oby Ezekwesili jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ní 2006, ó fẹ́ gbé àbójútó wọn fún aládàáni. Àwọn olùkọ́ kọ̀, òbí kọ̀, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Ó dára bí wọ́n ṣe kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún ni ti àwọn tí kò yege, tí wọ́n pọ̀ jù lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ pàápàá ń ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ yìí. Láti 1988 ni Èkó ti dá àwọn Model College sílẹ̀ fún ọmọ tó bá ta àwọn yòókù yọ nínú ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1859 ni ìjọ CMS dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, àádọ́ta ọdún gbáko kí ìjọba tó ní King's College. Òfin 1882 ló kọ́kọ́ pín ilé ẹ̀kọ́ sí ti ìjọba àti èyí tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń bi ara wa pé ta ni kí owó ìlú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Jakande fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì sọ pé aládàáni lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Àwọn kan ń sọ báyìí pé kí ìjọba máa ran àwọn aládàáni kéékèèké lọ́wọ́, nítorí òbí ibẹ̀ náà ń san owó orí. Mo gbọ́ wọn yé, àmọ́ n kò lè fara mọ́ ọn títí ilé SS yóò fi yé jò.

Ohun kan tún wà tí a kì í kà mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn girama ńlá àtijọ́ ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó kún fún adájọ́, dókítà àti oníṣòwò, àwọn náà ló ń kọ́ ilé ìkàwé àti lẹ́ẹ̀bù fún wọn. Àwọn tó ti jáde níléèwé wa, àgbẹ̀, télọ̀ àti tíṣà ni wọ́n. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń fúnni, ohun tí wọ́n ní ló kéré. Nítorí náà, bí ìjọba bá pín owó ní ọgbọọgba fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kò tíì ṣe déédéé. Iye ọmọ ni kó fi pín in, kó sì fi díẹ̀ kún ti àwọn tó wà ní abúlé tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Abala 18 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí ìjọba rí i pé àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba, ó sì tó, fún gbogbo ènìyàn, àti pé kí ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Orí kejì ìwé òfin náà ló wà, orí tí a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu àwa aráàlú ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin òbí, nípàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí owó tí ẹ óò dá nìkan jẹ́ ọ̀rọ̀ àsọyé. Ẹ ní kí purínsípà ka iye tí ìjọba fi ránṣẹ́ fún SS ní sáà yìí sétí yín. Aṣòfin tó bá sì wá tọrọ ìbò nílé yín, ẹ bi í pé ìgbà wo ni yóò bá wa ṣòfin tí owó Abúja yóò fi kọjá JSS3.