Àìsàn Awọ Ajá àti Ìlera Àwọn Ará Ilé

Bí irun ajá bá ń jábọ́, tí ó sì ń họra lọ́sàn-án àti lóru, àìsàn ni ó ń ṣe é. Díẹ̀ nínú àwọn àìsàn yìí lè ran ènìyàn. Nítorí náà, bí ìyá bá gbé ọmọ tí ara ń yún wá sí ilé ìwòsàn, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera béèrè pé: Ǹjẹ́ ẹ ní ajá nílé? Báwo ni awọ rẹ̀ ti rí?

Kí ni ó ń fà á?

• Kúrúnà ajá: Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Bèbè etí, ìgúnpá àti ikùn ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè mú kí ara ènìyàn yún, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ sí i lára ènìyàn. Bí a bá wo ajá náà sàn, ìyún náà yóò lọ.

• Làpálàpá: Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ Microsporum canis ni ó sábà máa ń fà á. Irun a jábọ́ ní òbìrìkìtì. Ó máa ń ran ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé.

• Demodex: Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó kòkòrò yìí. Kì í ran ènìyàn.

Eégbọn náà a máa ba awọ ajá jẹ́.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò tàbí ọ̀tapíapía pa ajá lára. Ajá yóò lá a, májèlé náà yóò sì wọ inú rẹ̀. Ó sì léwu fún ẹni tí ń fi í pa á. Ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù gún ajá fúnra yín: bí ó bá pọ̀ jù, ó lè pa á, irú ajá Collie kò sì lè gba èyí tí ó kéré pàápàá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

• Ẹ mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ó lè ha awọ rẹ̀ wò.
• Bí ó bá jẹ́ kúrúnà, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú gbogbo ajá inú ilé pọ̀.
• Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé, kí ẹ sì sá a sóòrùn.
• Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Bí ìyún bá wà láàárín ìka ọwọ́, tí ó pọ̀ lóru, tí àwọn ará ilé mìíràn sì ń yún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúrúnà ti ènìyàn. Ìtọ́jú ajá nìkan kò lè wo èyí sàn: ẹ tọ́jú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Làpálàpá orí ọmọdé ń fẹ́ oògùn tí a ń gbé mì. Ìpara nìkan kò tó.