Owó Ilé Ìwé Tí Ọ̀gá Dá Padà: Kí Ló Dé Tí Kò Pé?

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tó mú wa kọ ìwé yìí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yá owó láti fi ra ọjà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣèlérí pé òun yóò fi owó ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá láti fi san án. Ọmọ yìí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti gbà láti dá $8,000 tó fi san owó ilé ìwé ọdún náà padà fún un. Nígbà tí owó dé, kò pé. Ìyá ní ọmọ ń purọ́ fún òun. Ọmọ ní wọ́n rẹ́ òun jẹ níbi iṣẹ́. Àwọn onídùúró méjèèjì kò sùn dáadáa mọ́. A ní kí ọmọ ka ìwé owó oṣù rẹ̀ fún wa lórí tẹlifóònù. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó jalè. Owó-orí ni.

Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kàn wá nínú owó-orí Amẹ́ríkà? Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀, owó wọn la sì fi ń dúró fún ara wa níhìn-ín.

Bí òfin wọn ṣe rí nìyí. Láti 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin sílẹ̀ pé bí ọ̀gá bá ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti kàwé, kí wọ́n má gba owó-orí lórí ìrànlọ́wọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Láti 1986, ìwọ̀n náà jẹ́ $5,250 lọ́dún kan. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 sọ pé lẹ́yìn 2026, kí iye náà máa ga díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Ohun tó bá lé lórí ìwọ̀n yìí, owó iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ yọ owó-orí rẹ̀ kó tó san án. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwé gan-an ni ọ̀gá sanwó fún, inú owó oṣù òṣìṣẹ́ ni yóò ti yọ owó-orí ọ̀hún. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ lè má fọwọ́ kan kọ́bọ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì dín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọmọ yìí. Ẹ yọ $5,250 kúrò nínú $8,000, ó ku $2,750. Lórí ìyókù yìí, wọ́n yọ dọ́là 6.20 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó àgbà tí wọ́n ń pè ní Social Security, àti dọ́là 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní Medicare. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $210.38. Ọ̀gá náà sì san iye kan náà láti inú àpò tirẹ̀. Wọ́n tún yọ dọ́là 22 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó-orí ìjọba àpapọ̀, ìyẹn $605. Texas ló ń gbé, ìpínlẹ̀ yẹn kì í gba owó-orí lórí owó iṣẹ́. Ibòmíràn ìbá tún yọ tiwọn. Gbogbo ohun tí wọ́n yọ jẹ́ $815.38. Ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ $7,184.62. Ṣé ẹ ti rí ibi tí owó lọ?

Ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ náà ní àkọsílẹ̀. Owó ilé ìwé àti owó ìwé kíkà wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi méjì kò ní ìwọ̀n méjì, $5,250 kan náà ni. Èyí tí ẹnìkan kò bá lò lọ́dún yìí, kò lè gbé e wọ ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ èyí tó ń mú ọwọ́ òṣìṣẹ́ dá sí i lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ń ṣe, èyí tó lé lórí ìwọ̀n lè bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ń sọni di oníṣẹ́ mìíràn kò sí nínú èyí. Ọmọ tiwa ń ti ipò olùrànlọ́wọ́ bọ́ sí ipò nọ́ọ̀sì, nítorí náà kò kàn án.

Nígbà tí ọdún bá yí, tó bá kọ ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́, bí ìjọba bá rí i pé $605 yẹn ju ohun tó yẹ kó san lọ, wọn yóò dá ìyókù padà. Ti owó àgbà àti ti ìlera, èyí ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yá owó lórí ìlérí ọmọ tó wà lókè òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dúró fún wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè: Èló ni ọ̀gá yóò san padà lọ́dún yìí? Èló ló lé lórí ìwọ̀n? Èló ni yóò wọ ọwọ́ ọmọ lẹ́yìn owó-orí? Iye tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi ṣèlérí fún ẹgbẹ́.

Ìgbìmọ̀ ti fún ìyá náà ní oṣù méjì sí i, ó sì ti bẹ ọmọ rẹ̀ pé òun pè é ní òpùrọ́. Owó á dé, owó á lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìṣírò tí a kò ṣe ba ìyá àti ọmọ jẹ́.