Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Ìyẹ̀wù: Ibo Ló Yẹ Kí Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Wà Lórí Kíláàdì?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Emene àti káàkiri Enugu, tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gbé ìkànnì àti ìwé orúkọ lọ sórí kíláàdì, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan.

Nẹ́tíwọ̀kì kíláàdì dà bí agboolé. Subnet gbangba ni ọ̀dẹ̀dẹ̀: ó ní ọ̀nà tààrà sí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì ló ń gbé ibẹ̀. Subnet ìkọ̀kọ̀ ni ìyẹ̀wù: àlejò ò lè ti ìta wọ ibẹ̀ tààrà. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù àti àkọsílẹ̀ owó wa yẹ kó wà. Tí kọ̀ǹpútà inú ìyẹ̀wù bá nílò nǹkan níta, NAT gateway tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ló ń bá a gbà á wá. Lórí AWS, wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń ka owó rẹ̀. Subnet /24 ní àdírẹ́sì 256. AWS ń mú 5, ó ku 251.

Terraform, tí HashiCorp gbé jáde ní 2014, ń jẹ́ ká kọ gbogbo ètò yìí sínú fáìlì. “Terraform plan” á kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn wá; “terraform apply” á wá ṣe é.

Bí ẹni tó ṣe é bá kó kúrò ní Enugu ńkọ́? Ẹlòmíì á ka fáìlì náà, iṣẹ́ á máa lọ. Nítorí náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni kí fáìlì àti state rẹ̀ wà, kì í ṣe inú láptọ́ọ̀pù ẹnì kan.